Ẹ̀jẹ̀ Ọjọ́ Kẹta

Ní ọjọ́ Ìṣẹ́gun kan nínú ẹ̀ẹ̀rùn tó kọjá, ní nǹkan bí aago mẹ́wàá àárọ̀, awakọ̀ kan gbé kúlà aláwọ̀ búlúù wá sí ẹnu ọ̀nà yàrá àyẹ̀wò wa. Eruku ti bò ó láti orí dé ẹsẹ̀. Ó ní àfẹ̀mọ́júmọ́ lòun ti gbéra, òun ò sì yà síbì kankan. Mo buwọ́ lùwé fún un, mo ní kó lọ jókòó sábẹ́ igi máńgòrò, kó fomi tútù panu kó tó padà.

A wọ ìbọ̀wọ́ méjì-méjì, a gbé kúlà náà wọlé, a ṣí i nínú àpótí onígíláàsì tó ń dáàbò bò wá. Yìnyín inú rẹ̀ ti yọ́ títí ó fi ku ẹyọ méjì-mẹ́ta bí ẹyin àdìẹ. Ìgò ẹ̀jẹ̀ náà ò ju ìka àárín lọ. Wọ́n fi òwú wé e, wọ́n tì í sínú ike onídèérí, wọ́n tún ti ike yẹn sínú òmíràn. Ẹni tó dì í mọ iṣẹ́ rẹ̀. Mo mọ ẹni náà pẹ̀lú, torí ọwọ́ ìkọ̀wé rẹ̀ ló wà lórí fọ́ọ̀mù tó bá a wá: obìnrin, ọmọ ọdún mẹ́rìnlélọ́gbọ̀n, àgbẹ̀, ibà, ọ̀fun dídùn, èébì, ó ti lo oògùn ibà, kò ràn án. Níbi tí wọ́n ti béèrè ọjọ́ tí àìsàn bẹ̀rẹ̀, ó kọ ọjọ́ Àìkú.

Ọjọ́ kẹta nìyẹn. Mo tún un kà lẹ́ẹ̀kejì, inú mi sì dùn. Ẹni tí kò bá mọ ohun tí ọjọ́ kẹta jẹ́ nínú ibà Lassa, àìsàn tí eku ń kó ran ènìyàn, lè máa wò mí pé kí ló ń dùn mọ́ ẹni tó di ẹ̀jẹ̀ aláìsàn mú lọ́wọ́.

Ọmọ Ọ̀wọ̀ ni mí. Àbúrò ìyá mi obìnrin, tí gbogbo àdúgbò mọ̀ sí Ìyá Ẹlẹ́lùbọ́, ló tọ́ mi títí mo fi wọ yunifásítì. Ẹ̀bá títì ló ti máa ń sá ọjà rẹ̀ lórí tapólì. Bí ilẹ̀ bá ti ń ṣú, a ó kó o sínú àpò, a ó tò ó sí kọ̀rọ̀ yàrá tí a ń sùn. Láàárọ̀, a ó rí ìgbẹ́ eku lára àpò, a ó gbá a dànù, ó tán. Ilé ta ni eku ò sí?

Nígbà tí ibà mú un, ilé ìwòsàn tí a kọ́kọ́ gbé e lọ ní ibà ẹ̀fọn ni, wọ́n fún un lábẹ́rẹ́. Nígbà tí kò lọ, wọ́n ní táífọ́ọ̀dù ni, wọ́n fa omi sí i lára. Ó di ọjọ́ kẹjọ kí ẹnìkan tó fura, kó tó gba ẹ̀jẹ̀ rẹ̀. Ẹ̀jẹ̀ náà sùn mọ́jú níbi tí wọ́n ti gbà á, torí wọn ò rí ọkọ̀ tí yóò gbé e. Ní ọjọ́ kọkànlá, àǹtí mi kú. Ọwọ́ ara wa la fi wẹ̀ ẹ́, èmi àtàwọn ọmọ rẹ̀. Ọjọ́ kejì tí a sin ín ni èsì dé pé ibà Lassa ni.

Fún ọjọ́ mọ́kànlélógún lẹ́yìn náà, àwọn òṣìṣẹ́ ìlera ń wá wọn ìgbóná ara wa láàárọ̀ àti lálẹ́. Àwọn aládùúgbò kì í kọjá níwájú ilé wa mọ́, ẹ̀yìnkùlé ni wọ́n ń gbà. Kò sí ọ̀kankan nínú wa tó ṣàìsàn. Ṣùgbọ́n láti ìgbà náà ni mo ti ń ka ọjọ́. Bí mo bá gba fọ́ọ̀mù, kí n tó wo orúkọ, ọjọ́ tí àìsàn bẹ̀rẹ̀ ni ojú mi ń wá.

Ìdí wà fún kíka ọjọ́. Ní 1986, wọ́n tẹ èsì ìwádìí kan jáde láti Sierra Leone lórí oògùn tí wọ́n ń pè ní ribavirin. Nínú àwọn aláìsàn tí ẹ̀dọ̀ wọn ti bàjẹ́ débi tí ikú sún mọ́ wọn gan-an, ìdá márùn-ún nínú ọgọ́rùn-ún àwọn tí wọ́n fún ní abẹ́rẹ́ oògùn náà láàárín ọjọ́ mẹ́fà àkọ́kọ́ àìsàn wọn ló kú. Nínú àwọn tí kò rí oògùn gbà, ìdá márùndínlọ́gọ́ta ló kú. Àwọn oníṣègùn ṣì ń jiyàn lónìí lórí bí oògùn yẹn ṣe lágbára tó. Èmi ò sí nípò láti dá ẹjọ́ náà. Ohun tí ẹnikẹ́ni ò jiyàn lé lórí ni pé aláìsàn tí a tètè mọ ohun tó ń ṣe é, a ó tètè ṣìkẹ́ rẹ̀, a ó sì tètè yà á sọ́tọ̀ kí ó má baà kó ran nọ́ọ̀sì àti ọmọ tó ń fọ aṣọ rẹ̀.

Ìtàn ibà Lassa fúnra rẹ̀, ìtàn ẹ̀jẹ̀ tó ń rìnrìn àjò ni. Ní oṣù Kìíní 1969, Laura Wine, nọ́ọ̀sì ará Amẹ́ríkà tó ń ṣiṣẹ́ ní ìlú Lassa, níbi tí à ń pè ní ìpínlẹ̀ Borno lónìí, ṣàìsàn. Wọ́n fi ọkọ̀ òfuurufú gbé e lọ sí Jos, ibẹ̀ ló kú sí. Charlotte Shaw, nọ́ọ̀sì tó tọ́jú rẹ̀, kó o, òun náà kú. Ẹnìkẹta, Lily Pinneo, ni wọ́n gbé dé New York, orí sì kó o yọ. Yunifásítì Yale ni ẹ̀jẹ̀ wọn dé kí ẹnikẹ́ni tó mọ̀ pé fáírọ́ọ̀sì tuntun ni. Jordi Casals tó ń wá a níbẹ̀ kó o, omi inú ẹ̀jẹ̀ Pinneo tó ti yè ni wọ́n fà sí i lára tó fi bọ́. Juan Roman, òṣìṣẹ́ Yale mìíràn, kò bọ́. Orúkọ ìlú wa ni àìsàn náà ń jẹ́, àmọ́ òkè òkun ni wọ́n ti dá a mọ̀.

Ní 2015, àwọn onímọ̀ tó tọpa ìran fáírọ́ọ̀sì náà ní ó ti lé ní ẹgbẹ̀rún ọdún tó ti wà lágbègbè tí à ń pè ní Nàìjíríà. Mo ka gbólóhùn yẹn, mo gbé ìwé sílẹ̀. Ẹgbẹ̀rún ọdún! Mélòó nínú àwọn tí ìdílé wọn ní ayé ló pa wọ́n, tí wọ́n sì torí ẹ̀ lé ìyá arúgbó kan kúrò nílùú, tó sì jẹ́ pé eku inú àká ni?

Kí Irrua ní ìpínlẹ̀ Edo tó ní ẹ̀rọ tirẹ̀, Hamburg ní ilẹ̀ Jámánì ni ẹ̀jẹ̀ àwọn aláìsàn wọn ń lọ. Láti nǹkan bí 2008 ni Irrua Specialist Teaching Hospital, pẹ̀lú àtìlẹ́yìn ilé ìwádìí Bernhard Nocht ti Hamburg, ti ń fi PCR, ọ̀nà àyẹ̀wò tó ń wá àmì fáírọ́ọ̀sì nínú ẹ̀jẹ̀, yẹ ẹ̀jẹ̀ wò nílé. Ẹ̀jẹ̀ àwa ará Ọ̀wọ̀ náà, Irrua ló ń lọ nígbà náà. Bí ẹ bá fi Irrua wé Hamburg, ẹ ó dúpẹ́. Bí ẹ bá fi ọ̀nà Irrua wé iye ọjọ́ tó kù fún àǹtí mi nígbà tí wọ́n gba ẹ̀jẹ̀ rẹ̀, ẹ ó mọ̀ pé ọ̀nà ṣì jìn.

Ìyá mi máa ń bi mí pé kí ni mo ń wò nínú ẹ̀rọ láti àárọ̀ ṣúlẹ̀. Mo ní, "Màámi, ẹ wo Ọjà Ọba lọ́jọ́ ọjà. Ká ní ẹ ń wá ọmọ ilé kan nínú gbogbo èrò yẹn, ẹ ò mọ ojú rẹ̀, ẹ ò mọ aṣọ tó wọ̀. Kí lẹ máa ṣe?" Ó ní òun á ki oríkì ilé wọn, ọmọ ilé náà nìkan ni yóò wẹ̀yìn. Mo ní ohun tí à ń ṣe gan-an nìyẹn. Ó ronú díẹ̀, ó ní, "Tí kò bá wá sọ́jà lọ́jọ́ náà ńkọ́?" Mo ní ẹnikẹ́ni ò ní wẹ̀yìn, a ó sì kọ ọ́ sílẹ̀ pé kò sí níbẹ̀.

Èyí tó kù, iṣẹ́ ìdáná ni. RNA ni fáírọ́ọ̀sì Lassa fi ń kọ ọ̀rọ̀ ara rẹ̀ sílẹ̀, nítorí náà a ní láti kọ́kọ́ dà á kọ sí DNA, irú èyí tí ẹ̀rọ wa lè sọ di púpọ̀. Ẹ̀rọ á wá gbé ooru sókè dé nǹkan bí 95°C, okùn DNA á sì tú sí méjì. Á sọ̀ ọ́ kalẹ̀ sí nǹkan bí 60°C, àwọn èérún DNA kékeré tí mo fi wé oríkì á lẹ̀ mọ́ ibi tí wọ́n bá bá mu, èròjà kan á sì hun ìdajì tó kù. Ọ̀kan di méjì, ìyípo kan nìyẹn. A tún ṣe é, méjì di mẹ́rin. Tí a bá ṣe é nígbà ọgbọ̀n, ẹyọ kan ṣoṣo á ti lé ní ẹgbẹ̀rún mílíọ̀nù. Kary Mullis ará Amẹ́ríkà ló ronú kan ọ̀nà yìí ní 1983, wọ́n sì fún un ní ẹ̀bùn Nobel ní 1993. Inú kòkòrò tó ń gbé inú omi gbígbóná ni wọ́n ti kọ́kọ́ rí irú èròjà tó ń hun DNA yẹn. Ó ń gbé inú ooru, nítorí náà ooru ẹ̀rọ ò já mọ́ nǹkankan lójú rẹ̀.

Ọmọ Lassa kì í jẹ́ oríkì kan náà níbi gbogbo. Bí èdè Ọ̀wọ̀ ṣe yàtọ̀ sí ti Ìbàdàn, bẹ́ẹ̀ ni Lassa ti Bauchi yàtọ̀ sí ti Edo, ti Sierra Leone sì tún lọ́tọ̀. Ìyàtọ̀ náà tó ìdá kan nínú mẹ́rin láwọn apá kan. Bí a bá gbára lé oríkì kan ṣoṣo tí wọ́n kọ láti ara aláìsàn ilẹ̀ mìíràn, ọmọ náà lè wà lọ́jà kó má wẹ̀yìn. Ìdí nìyẹn tí a fi ń ki oríkì méjì pọ̀ lára apá méjì fáírọ́ọ̀sì náà, ìdí sì nìyẹn tí mo fi ń bínú sí àwọn tó ń ta àpò àyẹ̀wò fún wa láì tíì dán an wò lára ẹ̀jẹ̀ ilẹ̀ wa rí.

Ẹ jẹ́ kí n sọ ọ̀rọ̀ omi. Nínú gbogbo àyẹ̀wò, ihò kan wà lára àwo inú ẹ̀rọ tí a kì í fi ẹ̀jẹ̀ ẹnikẹ́ni sí, omi mímọ́ gaara nìkan ni. Omi yẹn ò gbọdọ̀ sọ̀rọ̀. Ní ọdún kejì tí mo bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́, ní alẹ́ ọjọ́ kan tí ẹ̀jẹ̀ mọ́kàndínlógún wà nílẹ̀, tí fóònù ò dákẹ́, mo jókòó síwájú ẹ̀rọ, mo ń wo àwọn ìlà tó ń gbéra lójú kọ̀ǹpútà: ihò tí fáírọ́ọ̀sì bá wà ni ìlà rẹ̀ ń gbéra. Ní ìyípo kẹrìnlélọ́gbọ̀n, ìlà omi bẹ̀rẹ̀ sí í gbórí sókè. Ara mi tutù. Ó túmọ̀ sí pé nǹkan ti fọ́n sí i, bóyá láti ẹnu pípẹ́ẹ̀tì tí a fi ń wọn omi, bóyá láti ọwọ́ mi. N kò lè gba èsì ẹnikẹ́ni gbọ́ mọ́ nínú mọ́kàndínlógún náà.

Mo pe ọ̀gá mi lóru. Kò bá mi wí. Ohun tó sọ ò ju pé, "Dà á nù, nu tábìlì, bẹ̀rẹ̀ lákọ̀tun." A da gbogbo rẹ̀ nù, a fi oògùn apakòkòrò nu tábìlì àti pípẹ́ẹ̀tì, a ṣí èròjà tuntun. Ilẹ̀ mọ́ bá wa níbẹ̀. Nígbà tí a tún un ṣe, mẹ́rin nínú àwọn mọ́kàndínlógún ló wẹ̀yìn, omi dákẹ́ jẹ́ẹ́. Ní àkọ́kọ́, mẹ́fà ni mo ti kà. Ènìyàn méjì ni ǹ bá ti fi ránṣẹ́ sáàárín àwọn tó ní Lassa gidi, tí wọn ò sì ní in.

Ọ̀rọ̀ PCR kò tíì parí síbẹ̀, torí àìsàn kan wà tí a ò mọ oríkì rẹ̀, tàbí tí kò wá sí wa lọ́kàn láti kì. Ní ìparí 2018, àwọn ènìyàn ń kú ní agbègbè Esan ní ìpínlẹ̀ Edo. Ibà ni, ẹ̀jẹ̀ ń dà, ó jọ Lassa. Wọ́n yẹ ẹ̀jẹ̀ wọn wò ní Irrua, Lassa ò sí níbẹ̀. Ibòmíràn, ibẹ̀ ni wọn ì bá fi í sí. Ṣùgbọ́n wọ́n kó ẹ̀jẹ̀ náà lọ sí ACEGID, ilé ìwádìí tó ń ka ìwé ara kòkòrò àìsàn, ní Redeemer's University, ní Ẹdẹ, ìpínlẹ̀ Ọ̀ṣun, níbi tí Christian Happi àtàwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ti ní ẹ̀rọ tó ń ka gbogbo ohun tó wà nínú ẹ̀jẹ̀. Níbẹ̀, a kì í ki oríkì ẹnikẹ́ni. Gbogbo ẹni tó bá wà lọ́jà ni wọ́n ní kó dárúkọ ara rẹ̀. Láàárín ọjọ́ díẹ̀, orúkọ jáde: ibà pọ́njú, èyí tó ní abẹ́rẹ́ àjẹsára láti ọjọ́ pípẹ́.

Ẹ fi ìyẹn wé ohun tó ṣẹlẹ̀ ní ọdún kan ṣáájú. Ní oṣù Kẹsàn-án 2017, wọ́n fìdí rẹ̀ múlẹ̀ pé ọmọbìnrin ọmọ ọdún méje kan ní ìjọba ìbílẹ̀ Ìfẹ́lódùn, ìpínlẹ̀ Kwara, ní ibà pọ́njú. Ilé ìwádìí Institut Pasteur ní Dakar, ní Senegal, ló fìdí rẹ̀ múlẹ̀. Ẹ̀jẹ̀ ọmọ kékeré láti abúlé Yorùbá gba orí òkun dé Dakar kí a tó dá àìsàn náà mọ̀ dájú, oṣù tó tẹ̀ lé e ni àjẹsára tó délé àwọn ènìyàn rẹ̀. Mo bọ̀wọ̀ fún Dakar. Gbogbo ìwọ̀-oòrùn Áfíríkà ló jẹ wọ́n ní gbèsè. Síbẹ̀ ọ̀nà náà ti gùn jù fún ọmọ ọdún méje.

Ní ìbẹ̀rẹ̀ 2018, nígbà tí ibà Lassa ń pa àwọn ènìyàn wa ju ti ọdún tó ṣáájú lọ, tí iye tí wọ́n fìdí rẹ̀ múlẹ̀ jákèjádò Nàìjíríà fi ju 600 lọ kí ọdún náà tó parí, ẹ̀rù bà wá pé bóyá fáírọ́ọ̀sì náà ti yí padà, pé ó ti ń fò láti ara ènìyàn sí ara ènìyàn. Irrua gbé ẹ̀rọ kan tí kò ju àtẹ́lẹwọ́ lọ kalẹ̀, wọ́n ka ìwé ara fáírọ́ọ̀sì láti ara aláìsàn kan sí òmíràn, wọ́n sì ń fi èsì ránṣẹ́ sí NCDC, àjọ tó ń gbógun ti àìsàn ní Nàìjíríà, bó ṣe ń jáde. Àwọn fáírọ́ọ̀sì náà kì í ṣe ọmọ ìyá kan náà. Ọ̀pọ̀ jù lọ ló jẹ́ pé láti ara eku ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ló ti bọ́ sí ara ènìyàn. Ìyẹn ló jẹ́ kí àwọn aláṣẹ mọ̀ pé ọ̀rọ̀ àká, ìdérí ìkòkò àti àpò ẹ̀lùbọ́ ló yẹ kí wọ́n tẹnu mọ́. Nígbà tí mo ka èsì náà, kọ̀rọ̀ yàrá Ìyá Ẹlẹ́lùbọ́ ni mo rí.

Eku ò mọ ibodè. Ní 2016, Lassa pa ènìyàn ní Benin Republic, ó sì dé Tógò. Òṣìṣẹ́ ìlera ará Amẹ́ríkà kan tó ń ṣiṣẹ́ ní Tógò ṣàìsàn, wọ́n gbé e lọ sí Cologne ní Jámánì, ó kú síbẹ̀ ní oṣù Kejì ọdún náà. Lẹ́yìn tó kú tán ni àyẹ̀wò tó sọ pé Lassa ni, ẹni tó tọ́jú òkú rẹ̀ sì ti kó o. Jámánì nìyẹn o, ilẹ̀ tó ń bá wa yẹ ẹ̀jẹ̀ wò. Ẹ̀rọ wọn pé, oríkì ni ẹnikẹ́ni ò tètè kì.

Mo máa ń rántí Dókítà Ameyo Stella Adadevoh níbẹ̀. Ní oṣù Keje 2014 ní Èkó, ó fura sí Ebola lára aláìsàn kan, ó sì kọ̀ láti jẹ́ kí aláìsàn náà kúrò níwájú òun kí èsì tó dé. Yàrá àyẹ̀wò LUTH, ilé ìwòsàn yunifásítì Èkó, àti ti Redeemer's University fìdí ìfura rẹ̀ múlẹ̀ láàárín ọjọ́ díẹ̀. Ogún ènìyàn ni àìsàn náà mú ní Nàìjíríà, mẹ́jọ kú, òun náà wà nínú wọn. Ní 20 oṣù Kẹwàá ọdún náà, WHO, àjọ ìlera àgbáyé, kéde pé ó ti tán nílẹ̀ wa.

COVID ló kó ẹ̀rọ PCR dé ọ̀pọ̀ ìpínlẹ̀ tí kò ní in rí. Inú mi dùn sí i nígbà náà. Láti ìgbà náà, mo ti wọ yàrá àyẹ̀wò kan tí wọ́n fi aṣọ ìbora bo ẹ̀rọ olówó ńlá mọ́lẹ̀ bí òkú, torí pé èròjà ti tán, fíríísà ti kú, epo díísù ò sí. Nínú ìjọba ìbílẹ̀ tí yàrá náà wà, awakọ̀ ṣì ń gbé kúlà kọjá níwájú ẹnu ọ̀nà rẹ̀ lọ sí ìpínlẹ̀ mìíràn. Mo dúró níbẹ̀, mo fọwọ́ kan aṣọ náà, omijé bọ́ lójú mi.

Ní ọjọ́ Ìṣẹ́gun tí mo ń sọ, iná wà. A pa agbára fáírọ́ọ̀sì inú ẹ̀jẹ̀ náà, a yọ RNA rẹ̀, a pò ó pọ̀ mọ́ èròjà lórí yìnyín, a ti ilẹ̀kùn ẹ̀rọ. Ní aago mẹ́rin kọjá ìṣẹ́jú mẹ́wàá, ìlà àkọ́kọ́ gbéra ní ìyípo kẹẹ̀ẹ́dọ́gbọ̀n. Ìlà kejì tẹ̀ lé e. Omi dákẹ́.

N kò tíì kọ ọ́ sínú ìwé ńlá tí mo fi pe òṣìṣẹ́ tó dì í.

"Ẹ kúrọ̀lẹ́, mà. Ṣé ó ti jáde?"

"Ó ti jáde, bọ̀dá. Ó wà níbẹ̀."

Ó dákẹ́ díẹ̀. "Ọjọ́ kẹta la ṣì wà."

"Ọjọ́ kẹta ni. Ẹ pe àwọn Ọ̀wọ̀ kí wọ́n gbé ọkọ̀ aláìsàn wá. Ta ló wà pẹ̀lú rẹ̀ nílé?"

"Ọkọ rẹ̀ àti ọmọ mẹ́ta. Ìyá ọkọ náà wà níbẹ̀. Mo ti kọ orúkọ wọn." Mo gbọ́ tó ń sọ fún ẹnìkan pé kó bá òun mú ẹ̀rọ ìwọn ìgbóná ara wá. Lẹ́yìn náà mo gbọ́ tó ń ta ọ̀kadà rẹ̀, ẹ̀ẹ̀kan, ẹ̀ẹ̀kejì. Nígbà kẹta, ó dún.